Ta ni yóò kọjá ọgọ́rùn-ún àmì Wilt Chamberlain?

Àwòrán kan wà tí ẹni tó bá fẹ́ràn bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n kò ní ṣàì ti rí: ọkùnrin gíga kan jókòó nínú yàrá ìmúra, ó di bébà kan mú, wọ́n sì fọwọ́ kọ 100 sí i. Wilt Chamberlain ni. Ọjọ́ kejì oṣù Kẹta ọdún 1962 ni. Harvey Pollack, tó ń bá ikọ̀ Philadelphia Warriors ṣe ìṣirò eré, ló kọ nọ́ńbà náà. Paul Vathis, ayàwòrán iléeṣẹ́ ìròyìn Associated Press, ló ya fọ́tò. Ìwòran lásán ni òun àti ọmọ rẹ̀ wá ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tó rí ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀, ó sáré lọ mú kámẹ́rà nínú ọkọ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó yá, torí pé kò sí iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn kankan tó gbé eré náà, kò sì sí fídíò rẹ̀ níbikíbi.

Láti ìgbà náà, bí ẹnì kan bá ti gba àmì 60 tàbí 70 nínú eré NBA, ìbéèrè kan náà ni yóò tún jáde: ṣé ẹni tí yóò kọjá Wilt ti dé? Àwọn kan á ní kò lè ṣẹlẹ̀ mọ́ láéláé. Àwọn mìíràn á ní àwọn ọmọ ìwòyí ń ju bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn sáwọ̀n bí ẹni ń mumi, pé ọgọ́rùn-ún kò ní pẹ́ wó. Lójú tèmi, ibi tí kò yẹ ni àwọn méjèèjì ń wò. Agbára ènìyàn kọ́ ló ń ṣọ́ nọ́ńbà yẹn. Ohun tó ń ṣọ́ ọ ni ohun tí àwọn eléré kà sí ìwà ọmọlúàbí àti ohun tí wọ́n kà sí ìwà ìtìjú: ta ló yẹ kó lọ jókòó nígbà tí eré ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́, ta ló yẹ kó máa fún ẹlòmíràn ní bọ́ọ̀lù, báwo ló ṣe yẹ ká na ẹni tí a ti nà tán.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Hershey

Kí ẹni tí kò mọ eré yìí dáadáa má baà sọnù sáàárín nọ́ńbà: ìṣẹ́jú 48 ni eré NBA, wọ́n pín in sí apá mẹ́rin, ìṣẹ́jú 12 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀lù tó bá wọ àwọ̀n, àmì méjì ni. Bí wọ́n bá ṣe ọ́ ní fáwùù nígbà tí o fẹ́ jù ú, wàá lọ dúró sójú ìlà, wàá ju tìrẹ láìsí ẹni tí yóò dí ọ lọ́wọ́, àmì kan ni ìyẹn ń mú wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Jíjù ọ̀fẹ́ ni màá máa pè é níbí. Bọ́ọ̀lù àmì mẹ́ta, èyí tí wọ́n ń jù láti òkèèrè, kò tíì sí nínú NBA lọ́dún 1962. Sáà 1979 sí 1980 ni wọ́n tó mú un wọlé. Nítorí náà, méjì-méjì àti ọ̀kọ̀ọ̀kan ni Wilt fi ṣa ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jọ.

Hershey jẹ́ ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania tí gbogbo Amẹ́ríkà mọ̀ mọ́ ṣokoléètì. Warriors a máa gbé díẹ̀ nínú eré ilé wọn lọ síbẹ̀ láti wá olùwòran kún olùwòran. Ènìyàn 4,124 péré ló wọlé lálẹ́ ọjọ́ náà. Sáà ti ń parí lọ, ikọ̀ New York Knicks tó wá bá wọn gbá kò sì ní ohun kan tó ń wá mọ́. Eré 29 ni wọ́n borí nínú 80 ní sáà yẹn. Phil Jordon tó máa ń ṣọ́ àárín fún wọn kò lè gbá. Darrall Imhoff tó bọ́ sípò rẹ̀ ṣe fáwùù títí tí wọ́n fi lé e jáde, kò lò ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ lórí pápá. Ta ló wá kù tí yóò dúró níwájú ọkùnrin tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà méje àti ínṣì kan, ọmọ ọdún 25, tó lágbára ju ẹnikẹ́ni lọ nínú líìgì?

Ní apá kìíní, Wilt gba àmì 23. Nígbà tí wọ́n lọ sinmi ní ìdajì eré, ó ti di 41. Nígbà tí apá kẹta parí, ó ti di 69. Ibẹ̀ ni eré ti yí padà. Dave Zinkoff tó ń kéde lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye tí Wilt ti ní sétí gbogbo èèyàn, àwọn èrò sì ń pariwo pé kí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù fún un. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́ràn. Wọ́n dẹ́kun jíjù, wọ́n ń wá ibi tó wà.

Knicks náà rí ohun tó ń bọ̀, wọn kò sì fẹ́ kí orúkọ wọn wọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di bọ́ọ̀lù mú títí àsìkò á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lórí aago, wọ́n sì ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe àwọn Warriors tó kù ní fáwùù kí wọ́n lè lọ ju ọ̀fẹ́ tiwọn, kí bọ́ọ̀lù má baà dé ọwọ́ Wilt. Warriors náà fèsì: àwọn náà ń ṣe Knicks ní fáwùù kí bọ́ọ̀lù lè tètè padà sọ́dọ̀ wọn. Ẹni tó bá dé láàárín apá kẹrin yẹn kò ní mọ irú eré tí wọ́n ń ṣe. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá 46, Joe Ruklick ju bọ́ọ̀lù sí Wilt lábẹ́ àwọ̀n, Wilt tì í wọlé. Àwọn èrò ya wọ pápá. Àmì 31 ló gbà ní apá kẹrin nìkan. Warriors 169, Knicks 147.

Ìṣirò rẹ̀ rèé: ó ju bọ́ọ̀lù nígbà 63, 36 wọlé, ó ju ọ̀fẹ́ nígbà 32, 28 wọlé. Richie Guerin gba àmì 39 fún Knicks lọ́jọ́ yẹn, kò sì sẹ́ni tó rántí. Al Attles, ẹlẹgbẹ́ Wilt, ju bọ́ọ̀lù ẹ̀ẹ̀mẹjọ, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló wọlé, òun náà kò ríbi fi í yangàn. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé New York ni Wilt ń gbé nígbà náà, nítorí náà inú ọkọ̀ Willie Naulls, ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù Knicks tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nà tán, ló bá lọ sílé.

Ọkùnrin tí kò mọ ọ̀fẹ́ jù

Ohun kan wà nínú ìṣirò yẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò kọjá. Wilt Chamberlain kò mọ ọ̀fẹ́ jù. Jálẹ̀ gbogbo ayé rẹ̀ nínú NBA, ìdajì ọ̀fẹ́ tó jù ló ń wọlé, ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní alẹ́ Hershey, 28 nínú 32 wọlé. Ká ní bó ṣe máa ń jù ú ló ṣe jù ú lọ́jọ́ yẹn, bọ́ọ̀lù 16 ni ìbá wọlé, ìbá sì parí sí 88. Kò sí ẹni tí yóò máa kọ̀wé nípa 88 báyìí.

Kí ló mú ìyàtọ̀ wá? Ní sáà náà, Wilt ń ju ọ̀fẹ́ láti ìsàlẹ̀, ọwọ́ méjèèjì láàárín ẹsẹ̀, bí àwọn ọmọdé ṣe máa ń jù ú. Ọ̀nà yìí ṣiṣẹ́. Rick Barry tó lo irú rẹ̀ fún gbogbo ayé rẹ̀ wà lára àwọn tó mọ ọ̀fẹ́ jù jù lọ nínú ìtàn eré náà. Síbẹ̀, Wilt pa á tì lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀: ó ń tì í lójú, ó dà bí ìṣe obìnrin lójú rẹ̀. Ó mọ̀ pé ó ń mú bọ́ọ̀lù wọlé, ó mọ̀ pé àṣìṣe ni òun ń ṣe, ó ṣì fi í sílẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tó ga bíi tirẹ̀, tí ọ̀fẹ́ kò gbà lọ́wọ́ wọn, ni kò dán an wò rí títí dòní. Ìtìjú lágbára ju ìṣirò lọ nínú eré yìí, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ ọgọ́rùn-ún wà.

Ṣé eré ìgbà náà rọrùn ju ti òde òní?

Ẹ̀rí àkọ́kọ́ tí àwọn tó ní kò lè ṣẹlẹ̀ mọ́ máa ń mú wá ni pé eré ọdún 1962 yàtọ̀. Òótọ́ ni. Ikọ̀ mẹ́sàn-án péré ló wà nínú NBA, 30 ni wọ́n báyìí. Wọ́n ń sáré bí ẹni tí ẹranko ń lé: ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ń ju bọ́ọ̀lù ju ìgbà ọgọ́rùn-ún lọ nínú eré kan. Lóde òní, kò tó 90. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń jù bá kéré, àǹfààní ẹnì kan náà kéré. Wilt kì í sì í jókòó rárá. Ní sáà yẹn, ìṣẹ́jú 48 àti ààbọ̀ ló ń lò lórí pápá nínú eré oníṣẹ́jú 48, torí pé wọ́n ń fi àfikún àkókò kún àwọn eré kan. Àwọn ògbóǹtarìgì òde òní kì í sábà kọjá ìṣẹ́jú 37. Owó tí wọ́n ń san fún wọn pọ̀ débi tí kò sí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó fẹ́ dáhùn fún orúnkún tó bá yẹ̀ nínú eré tí wọ́n ti borí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo òdìkejì. Ní sáà 1961 sí 1962, ikọ̀ kan ń gba àmì 118.8 lójúmọ́ eré. Ní sáà 2023 sí 2024, 114.2 ni. Iye náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara mu, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń jù báyìí kò tó ti àtijọ́. Ìdí ni pé èyí tí wọ́n ń jù ń wọlé jù, àmì mẹ́ta sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ohun tí Wilt fi bọ́ọ̀lù mẹ́ta ṣe, ẹlòmíràn lè fi méjì ṣe é. Lẹ́yìn náà, láti sáà 2004 sí 2005 ni àwọn adájọ́ eré ti ń fọwọ́ tó le mú ẹni tó bá fọwọ́ dá alátakò tó ní bọ́ọ̀lù dúró níwájú, èyí tó tú àwọn tó ń gbá láti òde sílẹ̀ bí ẹyẹ.

Èso rẹ̀ hàn. Lẹ́yìn tí Wilt gba 70 rẹ̀ tó kẹ́yìn lọ́dún 1963, ó ju àádọ́ta ọdún lọ tí ó jẹ́ pé ènìyàn mẹ́ta péré ló dé 70: David Thompson lọ́dún 1978, David Robinson lọ́dún 1994, Kobe Bryant lọ́dún 2006. Devin Booker ṣe é lọ́dún 2017. Nígbà tó di oṣù Kìíní ọdún 2023 sí oṣù Kìíní ọdún 2024, láàárín nǹkan bí oṣù 13, ẹni mẹ́rin ló ṣe é: Donovan Mitchell gba 71, Damian Lillard gba 71, Joel Embiid gba 70, Luka Doncic sì gba 73 nígbà tí ọjọ́ mẹ́rin péré ti kọjá lórí ti Embiid. Doncic ju bọ́ọ̀lù nígbà 33, 25 wọlé. Ẹ ṣírò rẹ̀: bíi ìdajì iye ìgbà tí Wilt jù ni.

Àmì 106 tó wà nílẹ̀

Giannis Antetokounmpo, ọmọ àwọn òbí Nàìjíríà tí wọ́n bí ní Gíríìsì, tí orúkọ ìdílé rẹ̀ ń jẹ́ Adétòkunbọ̀ kí àwọn Gíríìkì tó kọ ọ́ bó ṣe wù wọ́n, gba àmì 64 fún Milwaukee Bucks lóṣù Kejìlá ọdún 2023 nígbà tí wọ́n bá Indiana Pacers gbá. (Ẹni tó bá rántí ọjọ́ yẹn, ìjà bọ́ọ̀lù ló rántí: Giannis ń wá bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi gbá eré náà kó lè fi ṣe ìrántí, àwọn Pacers sì ti mú ọ̀kan lọ fún ọmọ Congo kan nínú ikọ̀ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àmì àkọ́kọ́ rẹ̀ nínú NBA. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀yá ìjà lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìmúra.) Nínú 64 yẹn, kò sí bọ́ọ̀lù àmì mẹ́ta kankan. Ogún bọ́ọ̀lù tó jẹ́ àmì méjì-méjì ni, àti ọ̀fẹ́ 24.

Klay Thompson ti ikọ̀ Golden State Warriors ju bọ́ọ̀lù àmì mẹ́ta 14 wọlé lóṣù Kẹwàá ọdún 2018, ìṣẹ́jú 27 péré ló sì lò lórí pápá kí wọ́n tó ní kó lọ jókòó. Bọ́ọ̀lù mẹ́rìnlá yẹn nìkan, àmì 42 ni.

Ẹ da méjèèjì pọ̀: 64 àti 42 jẹ́ 106. Bọ́ọ̀lù àmì mẹ́ta 24 ni Klay jù kí 14 tó wọlé, bọ́ọ̀lù 28 ni Giannis jù. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 52, kò tó 63 tí Wilt jù. Ọ̀fẹ́ 32 ni Giannis jù, iye kan náà gẹ́lẹ́ tí Wilt jù ní Hershey. N kò sọ pé ẹnì kan wà tó jẹ́ Klay lókèèrè tó tún jẹ́ Giannis lábẹ́ àwọ̀n. Ohun tí mò ń sọ ni pé ohun tó pọ̀ tó ọgọ́rùn-ún ti ṣẹlẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ara ènìyàn sì gbà á. Klay kan náà gba àmì 37 nínú apá kan ṣoṣo lóṣù Kìíní ọdún 2015. Bọ́ọ̀lù 13 ló jù ní ìṣẹ́jú 12 yẹn, gbogbo wọn ló wọlé.

Àga ìjókòó ni ọ̀tá

Ọjọ́ tó yẹ ká wò dáadáa jù kì í ṣe ọjọ́ tí Kobe Bryant gba 81. Ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún 2005 ni, oṣù kan ṣáájú rẹ̀. Ikọ̀ rẹ̀, Lakers, ń bá Dallas Mavericks gbá. Nígbà tí apá kẹta parí, Kobe nìkan ti gba 62. Gbogbo ikọ̀ Dallas lápapọ̀ gba 61. Ìṣẹ́jú 12 gbáko ló kù. Kobe kò padà sórí pápá. Eré ti bọ́, kò sí ohun tó ń wá níbẹ̀ mọ́. Bí a bá ní kó máa bá a lọ bó ṣe ń gbà á, 80 kò ní jìnnà sí i; bí inú rẹ̀ bá sì dùn sí i, ta ló mọ̀.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kìíní ọdún 2006, Toronto Raptors wá sí Los Angeles. Lọ́jọ́ yẹn Lakers wà lẹ́yìn, Toronto ti fi àmì 14 ṣíwájú wọn ní ìdajì eré. Nítorí pé wọ́n nílò Kobe, wọ́n fi í sílẹ̀. Ó gba 26 ní ìdajì àkọ́kọ́, ó gba 55 ní ìdajì kejì, ó sì fi 81 parí rẹ̀: bọ́ọ̀lù 28 nínú 46, ọ̀fẹ́ 18 nínú 20, 122 sí 104. Nígbà náà, kò sí ẹlòmíràn tó tíì súnmọ́ Wilt tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọjọ́ méjèèjì kò sí lọ́wọ́ Kobe. Ọwọ́ kan náà ni. Lọ́jọ́ kìíní, ikọ̀ rẹ̀ dára jù. Lọ́jọ́ kejì, ikọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú.

Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ gba 100 gbọ́dọ̀ máa gba àmì bí ẹni tí ń pa alátakò run, kí alátakò má sì run. Bí alátakò bá ti jìnnà sẹ́yìn, akọ́nimọ̀ọ́gbá á pe ògbóǹtarìgì rẹ̀ jókòó, ẹni tó bá kọ̀ láti jókòó á di ẹni tí gbogbo líìgì ń bá wí. Lọ́dún 1962 kò rí bẹ́ẹ̀. Frank McGuire, akọ́nimọ̀ọ́gbá Warriors, ti pinnu láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà pé gbogbo eré ikọ̀ òun yóò máa gba ọwọ́ Wilt kọjá, kò sì fìgbà kan rò pé ó yẹ kí òun mú un kúrò.

Ibi tí wọ́n ti gbà kó ṣẹlẹ̀

Bí ẹnì kan bá ṣì ń ṣiyèméjì pé ìfọwọ́sí ni kókó, kó wo ibi tí wọ́n ti fọwọ́ sí i. Lóṣù Kọkànlá ọdún 2012, ní Grinnell College, ilé ẹ̀kọ́ gíga kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Iowa, Jack Taylor gba àmì 138 nínú eré kan. Kì í ṣe àṣìkọ. Bọ́ọ̀lù 108 ló jù, 71 nínú rẹ̀ jẹ́ láti òkèèrè, ìṣẹ́jú 36 péré ló sì lò. Ọgbọ́n eré ikọ̀ wọn ni pé kí wọ́n sáré, kí wọ́n jù, kí wọ́n jẹ́ kí alátakò náà tètè jù kí bọ́ọ̀lù lè padà sọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n nà lọ́jọ́ yẹn gba 70 nínú eré kan náà. Taylor kì í ṣe ẹni tí NBA ń wá. Wọ́n kàn gbé gbogbo bọ́ọ̀lù fún un ni.

Ẹ tún wo Lisa Leslie, tó padà di ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó gbayì jù lọ nínú eré yìí. Lọ́dún 1990, nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní California, ó gba 101 ní ìdajì eré péré. Ikọ̀ tí wọ́n ń bá gbá kò padà wá fún ìdajì kejì. Wọ́n lọ sílé. Àwọn kan sọ pé ojo ni wọ́n. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Eré nílò ẹni méjì, ẹnì kejì sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé ó tó.

Nínú NBA gan-an, ìfọwọ́sí máa ń fojú hàn ní ọjọ́ tó kẹ́yìn sáà. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin ọdún 1978, David Thompson àti George Gervin ń du ẹni tí yóò gba àmì jù lọ fún sáà náà. Thompson gba 73 lọ́sàn-án; Gervin gbọ́, ó jáde lálẹ́, ó gba 63, ó sì gba ipò náà mọ́ ọn lọ́wọ́ pẹ̀lú ìyàtọ̀ tí kò tó nǹkan. Ikọ̀ àwọn méjèèjì ló pàdánù eré náà, kò sì dun ẹnikẹ́ni. Lọ́dún 1994, David Robinson ń du ipò kan náà pẹ̀lú Shaquille O'Neal, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní San Antonio kò ṣe méjì ju kí wọ́n máa wá a kiri pápá lọ, ó gba 71. Nígbà tí Kobe ń fẹ̀yìn tì lóṣù Kẹrin ọdún 2016, ó ju bọ́ọ̀lù nígbà 50 láti gba 60, èyí tí ìbá di ẹ̀bi lọ́jọ́ mìíràn, ṣùgbọ́n ìdágbére ni, gbogbo ilé dìde pàtẹ́wọ́. Ní ti Booker, ikọ̀ rẹ̀, Suns, ń pàdánù ní Boston nígbà tó fẹ́ dé 70. Wọ́n ń pe ìsinmi, wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe fáwùù kí bọ́ọ̀lù lè padà sí i lọ́wọ́. Inú àwọn ará Boston kò dùn sí i. Ohun tí Warriors ṣe ní Hershey náà ni, àádọ́ta ọdún àti márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀.

Hakeem Ọlájùwọ́n, ọmọ Èkó tó gba ife ẹ̀yẹ NBA fún Houston lẹ́ẹ̀mejì, kò kọjá 52 rí nínú eré kan. Agbára wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ikọ̀ rẹ̀ ń wá ife, ẹni tó ń wá ife kì í sábà wá ọgọ́rùn-ún.

Ní tèmi

Mo gbà pé wọn yóò kọjá 100. Kò ní rí bí ọ̀nà tí LeBron James fi kọjá Kareem Abdul-Jabbar lóṣù Kejì ọdún 2023. Ọwọ́ Kareem, tó gba àmì 38,387 jálẹ̀ ayé rẹ̀ nínú NBA, ni àkọsílẹ̀ náà wà fún nǹkan bí ọdún 39, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ní kò sí ẹni tí yóò dé ibẹ̀. LeBron dé ibẹ̀ nípa pé kò kúrò nílé eré, ọdún lórí ọdún; ó sì ṣẹlẹ̀ pé ọjọ́ kejì oṣù Kẹta ọdún 2024, àyájọ́ ọjọ́ Hershey gan-an, ló dé 40,000. Sùúrù ló ń wó irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ti Wilt nílò òdìkejì sùúrù.

Àkọsílẹ̀ Wilt kan wà tí n kò rò pé ẹnikẹ́ni yóò fọwọ́ kàn: àmì 50.4 tó gbà lójúmọ́ eré fún gbogbo eré 80 sáà náà, 4,029 lápapọ̀. Ìyẹn, kò ṣe é fọwọ́ sí lálẹ́ ọjọ́ kan. Michael Jordan nígbà tó le jù, lọ́dún 1987, 37.1 ló gbà. James Harden gba 36.1 lọ́dún 2019. Yàtọ̀ sí Wilt, kò sí ẹni tó dé 40 fún odindi sáà rí. Ènìyàn lè ṣe ohun tí kò yẹ fún alẹ́ kan kí wọ́n dárí jì í. Kò lè ṣe é ní ìgbà ọgọ́rin.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ rí i kó fi ojú sí ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn sáà, nínú oṣù Kẹrin, nígbà tí ikọ̀ 30 ń gbá lọ́jọ́ kan náà, tí púpọ̀ nínú wọn kò ní ohun tí wọ́n ń wá mọ́. Kó wá ikọ̀ kan tí kò lè wọ ìpele tó kàn, tó ní ọmọ kan tó mọ bọ́ọ̀lù jù láti ibi gbogbo, tí ikọ̀ tó ń bá gbá kò sì burú débi pé wọ́n á tètè jìnnà sẹ́yìn. Kó wá wo akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn nígbà tí apá kẹta bá parí tí ọmọ náà ti ní 70. Bí akọ́nimọ̀ọ́gbá yẹn bá ní kó jókòó, kó pa tẹlifíṣàn rẹ̀, kó lọ sùn. Bí kò bá sọ nǹkan kan, kó pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tètè tan tiwọn.